Òwú Pupa Lára Okùn Kọ̀ǹpútà

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Atẹ̀wé fi tẹ̀wé fún ọ̀gá mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan kò jáde lọ́wọ́ rẹ̀ rí láìjẹ́ pé ẹ̀dà méjì wà nínú fáìlì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra kọ̀ǹpútà, ó gbé e sí igun pálọ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Irú obìnrin yìí ni ọmọ àná kan wá dúró lórí rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tó ń sọ ìsọkúsọ!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ: ó tẹ bọ́tìnnì, kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un tẹ̀, òfo. Bẹ́ẹ̀ iná wà nílé o, fáànù ń yí lókè, iná kékeré ń tàn lára ojú kọ̀ǹpútà. Àpótí tó gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà nìkan ló dákẹ́. Ló bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà.

Ẹnjiníà dé. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ó kàn fi ìka kan àpótí náà kó, kó, kó, bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò.

"Mà, ó ti jó. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A máa nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò, á dà bíi tuntun."

"Ẹ máa nu kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Háà! Ìyá Atẹ̀wé na ọwọ́ bo àpótí náà. Ìtàn ìdílé wọn ló wà nínú ẹ̀, ọgọ́rin ojú ìwé, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ kí iyè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Lónìí, ìyá àgbà náà kò rántí orúkọ ọmọ tó bí mọ́. Bí ọgọ́rin ojú ìwé yẹn bá lọ, ta ni wọ́n máa tún bi?

"Ṣé o yọ okùn iná ẹ̀ wò? O ò yẹ nǹkan kan wò, o ti ní ó jó! Ṣé imú lo fi mọ̀ ọ́n ni? Jọ̀ọ́, ọ̀nà rèé!"

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gbójú sókè lára ìwé ìròyìn. "Rọra o. Ọmọ yẹn mọṣẹ́ ẹ̀."

"Iṣẹ́ wo ló mọ̀, Bàbá wọn? Ẹ má dá sí i!"

Ẹnjiníà gbéra, ó ń kùn lọ. Ìyá Atẹ̀wé bá kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó pa iná lára ògiri, ó yọ okùn àpótí àti okùn ojú kọ̀ǹpútà, nítorí ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ó wá fi èyí rọ́pò ìyẹn. Ó tan iná, ó tẹ bọ́tìnnì. Fùùù! Àpótí jí. Ojú kọ̀ǹpútà ló wá ṣókùnkùn.

"Okùn lásán! Torí okùn lásán ni wọ́n fẹ́ pa ìdílé mi rẹ́!"

Ó fa okùn tó kú náà jáde síta gbangba. Òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kó tó jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

"Bàbá wọn, ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni. Lánàá tí mo ń gbálẹ̀, mo rí i pé okùn ti tẹ́lẹ̀ ti ń yọ lẹ́nu àpótí. Mo bá fi sínú dúrọ́ọ̀, mo mú èyí tí o so òwú mọ́. Mo ní èyí lo kà sí jù."

"Ó ti kú ni mo ṣe so òwú mọ́ ọn!"

"Ta lo sọ fún?" Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Okùn tó kú, o sàmì sí i, o tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ńkọ́? Ẹ̀dà mélòó lo ní?"

Kò ní ẹyọ kan. Òun náà, Ìyá Atẹ̀wé! Inú ṣì ń bí i burúkú, àmọ́ kò sí ẹlòmíì tó kù tó lè bínú sí. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn òkú náà sí méjì, ó jù ú sí pàǹtírí. Ó mú okùn ti tẹ́lẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sínú dúrọ́ọ̀, ó fi sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ bá mi kó bébà wá! Gbogbo èyí tó wà nílé yìí!"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ojú ìwé kìn-ín-ní jáde, ọkọ rẹ̀ mú un, ó kà á sókè, bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́ gan-an: "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dárúkọ wọn, kí n má baà gbàgbé."