Ohùn Kan Ṣáájú Gìtá

Mo rántí ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn lórí kámẹ́rà nínú pálọ̀ kan ní àdúgbò Soje, ní Minna, tí mo ń bẹ Ọlọ́run kí ìyá arúgbó kan má kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi náà ni mo fa ọ̀ràn lẹ́sẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ fíìmù tán, gbogbo ayé ló yẹ kó gbọ́ nípa mi lójú ara mi, mo sì ti pinnu láti ṣe fíìmù nípa bí àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè Yorùbá kan níbẹ̀ ṣe gbé àwo orin rọ́ọ̀kì jáde láyé àwọn bàbá wa. Akọrin wọn kú kí àwo náà tó dé ìgboro. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dé ibojì. Wọ́n kó àwòrán ọmọ náà pamọ́, wọ́n gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò nílé, ìyá kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú rẹ̀, sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá jà, ìpayà kékeré lè gbé e lọ. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ fíìmù tí kò bá ní ìyá nínú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

“Ó dáa, ẹ tan orin gìtá nìkan fún wọn,” ló wí. “Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́dọ̀ jáde o. Don Allah, mo bẹ̀ yín.”

Bàbá onígìtá, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ẹgbẹ́ náà, ló gbé téèpù wá láti Chanchaga. Ó ní òun mọ orin kan tí ẹnikẹ́ni kò lanu nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi ọ̀mọ̀wé fíìmù, ojú ìyá ni mo ń wá.

Ó tan téèpù. Ó kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde ketekete: “Daya, biyu, uku…” Gìtá bọ́ sí i.

“Wayyo! Ẹ pa á!” ọmọbìnrin ìyá kígbe.

Bàbá onígìtá di orí mú. Hausa ni gbogbo wọn fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta láti kékeré, òun ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ orin. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò ka kíkà náà sí ohùn ẹnikẹ́ni.

Omijé ń dà lójú ìyá.

“Mo ní kí wọ́n má sọ Hausa nínú ilé mi,” ìyá wí. “Ọmọ yìí kò gbọ́ràn rí.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ tún un tàn.”

A tún un tàn. “Daya, biyu, uku…”

“Hudu,” ni ìyá wí, ó ka ẹẹ́rin tì í, kí gìtá tó wọlé.

Ìyá ti lọ báyìí, ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ sì tutù. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́. Títí di òní, bí mo bá ń wo fíìmù náà, tí ọmọkùnrin yẹn bá ti pe “uku” tán, mi ò kì í lè mí títí ìyá á fi dá a lóhùn.