Ìlà Tínrín Ẹnu-Ọ̀nà Yàrá Bàbá Mi

Òórùn igi ọ̀gànwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá kì í jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́rẹ̀, tí àwọn tirélà ń ké ramúramù lójú títì, ọkàn mi ti dé ilé wa l'Ódìgbò nìyẹn. Bàbá mi, tí àwọn náà jẹ́ káfíńtà, ló fi ìfági ọwọ́ gbẹ́ igi ọnà tó yí ẹnu-ọ̀nà yàrá wọn ká, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyá mi.

Lẹ́yìn ikú bàbá, ikán jẹ apá òsì igi náà. Ojú ìyá mi ti di bàìbàì nígbà yẹn. Igi ọnà yẹn ni wọ́n máa ń fọwọ́ tọ́ wọ yàrá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. "Ọma mi, bá mi ṣe é kó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí n tó lọ bá bàbá rẹ."

Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí mo ní ráútà, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ọnà sára igi kíákíá. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo gbẹ́ igi tuntun, ó ń dán. Mo kàn án mọ́ ògiri, mo dúró kí wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ìyá mi fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún tọ́ ọ padà sókè, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó dára o. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo yọ igi náà, mo lọ fa ìfági bàbá jáde lábẹ́ ibùsùn. Ẹnu abẹ rẹ̀ ti ṣẹ́ díẹ̀ níbì kan. Káfíńtà wo ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní í pọ́n ọn? Mo ti gbé e lé òkúta kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn láti fọwọ́ pa apá ọ̀tún igi ẹnu-ọ̀nà náà, èyí tí ikán kò jẹ. Ìlà tínrín kan yọ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé ọnà ni bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe, àṣé ibi tí abẹ ti ṣẹ́ yẹn ni kò lè fá. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

N kò pọ́n abẹ náà mọ́. Mo fi ráútà gbẹ́ igi mìíràn, mo jẹ́ kó nípọn díẹ̀, mo wá fi ìfági bàbá fá a kẹ́yìn.

Ìka ìyá mi kan ìlà náà, ó sì dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀." Èmi kọ́ ni wọ́n ń kí.

Ìyá mi náà ti lọ bá bàbá báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí púpọ̀. Mo ṣì máa ń yà l'Ódìgbò lọ fọwọ́ kan ìlà yẹn. Àwọn oníbàárà ń yin iṣẹ́ mi pé ó ń dán. Ó ń dán lóòótọ́. Èmi ń ro ohun tí àwọn ọmọ mi yóò fọwọ́ kàn lọ́jọ́ kan, tí wọn yóò fi mọ̀ pé èmi ni.