Òkú Tíṣà Tí Kò Rí Ilé Yà

Àǹtí Adéwùnmí Ọláníran kú lórí ìdúró ní Mile 2, níbi tó ti ń wá bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e relé. Àpò ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀, torí ilé ló ti máa ń máàkì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó pa á: ọ̀nà jíjìn ló pa á. Festac ni wọ́n bí i sí, Festac ló ti ń kọ́ ọmọ, ẹ̀yìn Àgbárá lọ́hùn-ún ló ń lọ sùn, nítorí owó oṣù rẹ̀ kò ká yàrá kan ṣoṣo ládùúgbò tó ti kọ́ ìrìn.

Òun ló kọ́ mi ní praimárì fáìfù. Bó bá rí ọmọ tí kò jẹun wá, á bu búrẹ́dì ara rẹ̀ sí méjì, á ní, "Gbà, tèmi ti tó, tìrẹ ló kù." Kò sí ọmọ tí kì í fi oríkì pè. Ìyá mi kò fún mi ní oríkì. Ọjọ́ tó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Àyìnkẹ́ ni ìwọ." Títí di òní, Àyìnkẹ́ ni mò ń jẹ́, òun náà ni mo fi ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni Bàbá Ọláníran kà, akọ̀wé kékeré ni ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ìjọba ṣẹ́ gègé pín ilé Festac, orúkọ rẹ̀ jáde. Yàrá mẹ́ta, omi nínú ẹ̀rọ, iná lójú pópó, koríko níwájú ilé. Ó fi owó oṣù akọ̀wé san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di tirẹ̀. Àdúrà kan náà ló ń gbà láràárọ̀: "Adéwùnmí, o ó jù mí lọ." Àdúrà ọ̀hún kúkú gbà. Ọmọ gboyè ní yunifásítì, ó dé ipò tí bàbá kò dé. Nígbà tí kíndìnrín bàbá kọṣẹ́, wọ́n ta ilé náà láti fi tọ́jú rẹ̀, ilé lọ, bàbá náà sì lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tó ju bàbá lọ kò rí ibi tó tó ìdajì ilé bàbá gbé.

Ẹ̀yin àgbà tó ń jókòó sórí rédíò, tí ẹ ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ owó ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìjọba lẹ fi bẹ̀rẹ̀ ayé, àwọn ọmọ yín ń fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ẹ wá ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kí ni Àǹtí ná owó tirẹ̀ sí? Lèésì wo lẹ rí lára rẹ̀? Bọ̀dá Mùsúdù tó ń ta póróvísọ̀n ní Apple Junction mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí yẹn, mílíìkì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀spáyà ni wọ́n máa ń bèèrè, kí n lè bá wọn dín owó ẹ̀ kù. Tíṣà o! Èmi gan-an ni ojú máa ń tì." Lánlọ́ọ̀dù Festac lé e dé Amúwo, ti Amúwo lé e dé Mile 2, ti Mile 2 lé e kọjá Àgbárá. Níbi kọ̀ọ̀kan ló ti san owó ejẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì.

Bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún un, ǹ bá sọ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣèlérí, ẹ̀yin ìjọba. Ojú mi ló ṣe. Ẹ wá sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin pẹ̀lú agboòrùn àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ ní ilé àwọn olùkọ́ ni yóò wà níbẹ̀. Àwa ọmọ kíláàsì Àǹtí la kọrin lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe orin ọ̀hún. Ó fi àkókò oúnjẹ rẹ̀ kọ́ wa:

*Tíṣà wa á kọ́lé o,*
*àwa la ó bá a ṣílé.*

Ẹ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú yín gbé mi sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni odi dìde yí ilẹ̀ náà ká, géètì irin tẹ̀ lé e, àwọn ilé alájà sì yọrí lókè odi. Mo ti wádìí, kò sí olùkọ́ kan tó ń gbé ibẹ̀.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Nítorí náà ni òkú kì í fi í ti mọ́ṣúárì gba itẹ́ òkú lọ tààrà nílẹ̀ wa. Á kọ́kọ́ ya ilé, á dágbére. Níbo ni Àǹtí yóò yà? Olúṣẹ̀yẹ, àbúrò rẹ̀, pe lánlọ́ọ̀dù ẹ̀yìn Àgbárá. Ọkùnrin náà pariwo lórí fóònù: "Ẹ má gbé òkú wọlé mi o! Àwọn téńáǹtì mi á sá. Ṣé òun ló nilé ni?" A gbé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀ àtijọ́ ní Festac. Àwọn àlejò tó ń sanwó alaalẹ́ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ báyìí. Alábòójútó ilé náà sáré jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà wá lọ́jà jẹ́."

Pásítọ̀ ní ká kúkú máa lọ sí itẹ́. Olúṣẹ̀yẹ mi orí.

"Rárá, Pásítọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní lọ bí ẹni tí ò nílé. Ilé tí wọ́n ṣèlérí fún wọn ṣì wà. Dẹ́rẹ́bà, ẹ yà sí Amúwo."

Samson ni orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì ọ̀hún. Ó na ọwọ́ méjèèjì dá ọkọ̀ òkú dúró. "Oga, abeg, dem no dey allow dead body for this estate."

Olúṣẹ̀yẹ sọ̀ kalẹ̀. "We no wan enter. She just wan greet her house."

Samson wo pósí náà. Ó ṣí fìlà, ó sì kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ibẹ̀ ni mo sì ti rí òkúta ìpìlẹ̀ wa. Wọ́n ti fi bo gọ́tà, táyà ọkọ̀ àwọn olówó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nu ohun tí wọ́n kọ sí i lára tán. Ẹnìkan nínú àwa tó ti jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbé orin yẹn, a gbè é, àwa tí a ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ. Kò sí ẹni tó lè dé "ṣílé" nínú wa. Ẹkún ni.

Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi. Inúolúwa, ọ̀dọ́bìnrin tó gba kíláàsì Àǹtí, orí ilẹ̀ pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sùn. Ṣé òun náà ni ẹ fẹ́ ká gbé wá sẹ́nu géètì yẹn lọ́jọ́ kan? Ẹ̀yin tó ń gbàdúrà kí ọmọ yín jù yín lọ, níbo lẹ fẹ́ kó máa gbé?

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ má fi òdòdó ránṣẹ́ sí wa. Ẹ má sọ ojú pópó kankan ní orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún wa ẹni tó ta ilẹ̀ olùkọ́, ẹni tó buwọ́ lù ú, àti ẹni tó rà á. Ẹ sọ ibi tí ẹ ó ti kọ́ ilé òmíràn fún àwọn tó kù láàyè. Bí ẹ bá ní ó ti pẹ́, pé kò sí ẹni tó rántí mọ́, irọ́ lẹ pa. Àwọn ọmọ tí ẹ kó wá kọrin fún yín ti dàgbà. A mọ ọ̀nà géètì yín, a sì ṣì mọ orin náà.