Ọkùnrin Tó Kọ̀ Láti Jókòó

Fèrè tó ń kéde ọdún ti dún ká gbogbo Jerúsálẹ́mù nígbà tí Kalmen ti itẹ́ òkú dé. Ó ku bí ogójì ìṣẹ́jú kí oòrùn wọ̀, kí Àjọ̀dún Àgọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Mirel, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Erùpẹ̀ ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀.

Bluma ìyàwó rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ tán. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í tẹ̀lé òkú dé etí sàréè, nítorí náà ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ló ti padà. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí kúkúrú bí àwọn aṣọ̀fọ̀ ṣe ń ṣe, ó jẹ ẹyin sísè kan, oúnjẹ ọ̀fọ̀, tí aládùúgbò gbé wá. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó bọ́jú, tó tan àbẹ́là ọdún. Ọ̀fọ̀ ọjọ́ méje tirẹ̀ parí síbẹ̀. Òfin àwọn Júù ò fi bọpo bọyọ̀ lórí èyí: ẹni tó bá ti ṣọ̀fọ̀ kí ọdún tó wọlé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, ayọ̀ ọdún á gbá ìyókù dànù. Àmọ́ ẹni tí kò ráyè ṣe é rárá, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, ọ̀fọ̀ rẹ̀ á dúró dè é lẹ́yìn ọdún, ọjọ́ méje gbáko.

Kalmen mọ̀ ọ́n. Ìwé àdúrà àti ìwé òfin tó ti já ló máa ń tún dì fún àwọn ilé ìsìn àdúgbò, ó sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ yìí wà ti já sí i lọ́wọ́ rí. Òun ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà.

"Kalmen, jókòó," ni Bàbá Getsel, olórí ẹgbẹ́ asìnkú, wí. "Oòrùn ń lọ."

"Ẹsẹ̀ ò ro mí, bàbá."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀? Fìdí kanlẹ̀, kí n ka ení dé ẹẹ́wàá, kí o dìde."

"Mi ò jókòó."

"Bọ́ bàtà awọ yẹn nígbà náà. Ìyẹn náà tó."

Kalmen bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún okùn bàtà so kó le.

Aládùúgbò tó gbé ẹyin dání mi orí. "Ẹyin yìí pẹ́ lórí iná o, síbẹ̀ orí rẹ le jù ú lọ."

Bluma yọ láti ilé ìdáná. "Bàbá Mirel, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo dúró."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ló ti ṣe tèmi?"

Oòrùn wọ̀.

Kì í ṣe oríkunkun lásán. Oṣù mọ́kànlá ni àrùn ẹ̀jẹ̀ fi dá Mirel dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn. Ládùúgbò wọn, ìbànújẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ burú ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣì lè ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sorí kodò ò ní rí ọ̀nà tó máa gbà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí Kalmen rí ni pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbé dùùrù kọ́rùn wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń retí pé kí bàbá ọmọ pàtẹ́wọ́. Ó ń pàtẹ́wọ́ náà. Kò sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ méje tí òfin fọwọ́ sí ló ń wá, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ fún un pé kó yọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ ọdún wà níwájú ná, àṣẹ sì ni ayọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Kalmen wọ aṣọ ọdún, ó jókòó nínú àgọ́ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, ó gbàdúrà sórí wáìnì, ó bá àwọn ọmọ mẹ́rin tó kù kọrin. Bluma ń bu ẹja fún un, kò wò ó lójú. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń gbé Ìwé Òfin jó, Bàbá Getsel gbé èyí tó wúwo jù lé e láyà. Ó jó. Omi bọ́ lójú àwọn tó ń wò ó.

"Ẹ wo ìgbàgbọ́! Ẹ wo ọkùnrin!"

Ohun tí Kalmen ń rò ni pé ìwé náà wúwo ju Mirel lọ ní oṣù tó gbé e kẹ́yìn.

Nígbà tí ọdún parí, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, èrò wá. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n ń wí. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ ti wọlé padà sílé ìwé, kálukú ti gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Bàbá Getsel wá ń fa ènìyàn wọlé láti ojú títì kí wọ́n lè pé mẹ́wàá fún àdúrà.

"Ta ló kú?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Ọmọ ọkùnrin yìí."

"Nígbà wo?"

"Kí ọdún tó wọlé."

"Kí ọdún tó wọlé? Kí ló wá ń ṣe nílẹ̀?"

Ẹkún tí Kalmen ti ń tọ́jú pa mọ́ láti oṣù mọ́kànlá kọ̀, kò wá. Ó ń wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń sọ fún àlejò méjì tó dúró lẹ́yìn àdúrà pé ohun tó ni Mirel lára jù ni àwọn oníjó. Bluma tó ń gbálẹ̀ kọjá dúró.

"Irọ́ ni. Ó fẹ́ràn wọn."

"Mo wà níbẹ̀, Bluma."

"Ẹ wà níbẹ̀. Ìdí tí kò fi lè rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó ń wo ojú yín. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá wá, á ní kí wọ́n tún orin kọ, á máa fi ṣíbí lu àwo. Ó ní, 'Màmá, ẹ má sọ fún Bàbá o, wọ́n á rò pé mi ò ṣàìsàn.'"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pa á mọ́ra kíákíá.

Kalmen gbójú sókè. "Jókòó, jọ̀ọ́. Sọ ìyókù fún mi."

"Ọ̀fọ̀ tèmi ti tán," ni Bluma wí. "Ẹ̀yin lẹ dúró."

Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó gbé gèlè wé, ó lọ kó àwọn ọmọ nílé ìwé. Àwọn àlejò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú tí àṣà là sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé e jáde. Ó ku Kalmen nìkan nílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.