Màmá Tó Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Mu Omi Àdúrà

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà, kó má gbà. Mi ò sùn, orí mi ò dàrú. Ojú mi méjèèjì ló rí i, n'Íkòsí níbí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì ń mú ganrínganrín.

Kídìnrín ẹ̀gbọ́n mi, Aunty Rísì, ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Dókítà là á yé wa: ike omi kékeré kan péré lójúmọ́. Wọn kì í tọ̀ mọ́, tómi bá ti pọ̀ jù, ó lè pa wọ́n.

Ẹ wá wo àwọn èèyàn wa! Ẹbí tiwa gbé hàńtú wá, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Ẹbí ọkọ wọn gbé omi àdúrà wá láti orí òkè. "Mu ún tán, ìgbàgbọ́ ni!" Aunty Rísì náà á sì gbé e mu. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní mi ò nígbàgbọ́. Èmi tí mò ń kírun márùn-ún!

Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó lọ ta tàtàṣé ní Mile 12, mo tilẹ̀kùn mọ́ wọn káwọn olómi má baà wọlé. Nígbà tí mo dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo tún tì í. Aunty Rísì ń sùn, ẹsẹ̀ wọn wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, wọ́n ń mí gúlegúle. Màmá àgbà kan jókòó tì wọ́n, wọ́n wọ bùbá àdìrẹ, wọ́n di ike omi àdúrà mú.

Inú bí mi débi pé mi ò tiẹ̀ rò ó wò pé ibo ni wọ́n gbà wọlé.

"Ẹ tún ti dé! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ mu ún!"

Wọ́n rọra dá mi lóhùn: "Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo fẹ́ bá a mu ún."

Wọ́n gbé ike yẹn sẹ́nu, ó gbẹ. Wọ́n gbé hàńtú, ó gbẹ. Odindi kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ gbà mí gbọ́, wọn ò mí! Bí wọ́n ṣe ń mu ún lẹsẹ̀ tiwọn náà ń wú.

Wọ́n dìde, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ jáde sí pálọ̀. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Mo sáré lọ bá Daddy lándílọ́ọ̀dù nísàlẹ̀, mo ṣàpèjúwe Màmá yẹn.

"Ìyá mi nìyẹn," wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Yàrá yín yẹn ni wọ́n kú sí. Kídìnrín náà ni. Èmi ni mò ń gbé omi àdúrà fún wọn."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ Aunty Rísì ti fọn, wọ́n ń mí dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu wọn: "O rí i? Omi yẹn ti ń ṣiṣẹ́! Ní kí wọ́n gbé sí i wá." Mo ṣàlàyé ohun tójú mi rí, wọ́n ní màlékà ni. Ọ̀rọ̀ yìí sú mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ kí aláìsàn, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi ṣàdúrà, mo bẹ̀ yín. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn báyìí, wọ́n sì ti ṣí ọ̀kan. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wọ̀nà. Màmá yẹn ò tíì padà wá.