Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Alárinà Sọ Gbogbo Wa di Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àsìkò tí gbogbo ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó nǹkan wọn lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, títí kan àwọn tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń dìde nínú ẹgbẹ́ báyìí, tí ẹ máa ń kí mi bí akọni tí mo bá ń kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán ná.

Ẹgbẹ́ wa kó akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó àti ti Wọ́tàsáìdì pọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, bí ọmọ Òjòwò bá ṣe ààrẹ lọ́dún yìí, ọmọ Òkè-Àgbò ni yóò ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà sì ni àdúgbò méjèèjì. Àwa ọmọ Wọ́tàsáìdì tí a wá láti ilẹ̀ olómi, àga là ń bá wọn tò. Lọ́dún yẹn, ọ̀rẹ́ mi Dúpẹ́, ọmọ Abigi, ní òun máa jáde. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó sọ fún mi pé ipò yẹn gan-an kọ́ ló ń wu òun. Òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn wọ̀nyí lè yan ọmọ etí omi láìsí ẹni tó fi ipá mú wọn. Èmi ni aṣojú rẹ̀. Alátakò wa ni Kọ́lá ará Òjòwò, tó rẹwà, tó sì mọ̀ pé òun rẹwà.

Mọ́mì Tíṣà ni alága ìgbìmọ̀ ìdìbò. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bí o bá sín nínú ìpàdé rẹ̀, ó máa wọ mínítì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nítorí pé a máa ń fura síra wa, ó ní ká fẹnu kò sí òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà lára ìbò. Mo pàtẹ́wọ́ fún òfin yẹn títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Túndé, ọmọ Òkè-Àgbò tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ló ṣètò sáìtì ìdìbò. Ó fi ẹ̀rọ alárinà kan síwájú sáìtì náà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Sọ́fítíwià ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ìbò lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, kó gbé e wọlé fún sáìtì. Ìbò kọ̀ọ̀kan ní ìlà díẹ̀ lókè, tí wọ́n ń pè ní hẹ́dà. Ibẹ̀ ni alárinà ti máa ń kọ àdírẹ́sì fóònù tí ìbò ti wá. Bí kò bá kọ ọ́, sáìtì á rò pé alárinà fúnra rẹ̀ ló ń dìbò. Àdírẹ́sì kan, ìbò kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ètò sáìtì.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, ìdìbò bẹ̀rẹ̀. Kọ́lá ló kọ́kọ́ dìbò, ara rẹ̀ ló sì dì í fún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ fóònù, ohun tó ń rí ni: “O ti dìbò tẹ́lẹ̀. A dúpẹ́.” Ẹ̀gbọ́n kan tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Abigi nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pè mí.

“Wálé, wọ́n ní mo ti dìbò.”

“Ṣé ẹ ti dì í ni?”

“Ìgbà wo? Nínú ọkọ̀?”

Nígbà tó di aago méjì, sáìtì gbé èsì jáde. Kọ́lá ní ìbò kan, Dúpẹ́ ní òdo, Kọ́lá ló wọlé. Kí a tó mọ ohun tí a máa ṣe, Kọ́lá ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fún ìfẹ́ tí wọ́n fi hàn sí i.

Inú bí mi. A gbé pátákó, a gun ọ̀kadà, a ya lọ sí ilé Mọ́mì Tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú orin. Ó jáde sí fàráńdà pẹ̀lú ìwé mínítì lábẹ́ abíyá.

“Ta ni yín?”

“Àwọn tí wọ́n jí ìbò wọn ni, Mà.”

“Ẹ to ìlà. Ẹ kọ orúkọ yín síbí, kí ẹ tún kọ ọ́ kó ṣeé kà.”

Bí a ṣe ń to ìlà, orin kú mọ́ wa lẹ́nu. Wọ́n ránṣẹ́ pe Kọ́lá àti Túndé. Túndé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Nígbà tí èèyàn bá ń kọ́ alárinà yìí, Mà, ó máa yan àwọn ohun tó fẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí kò bá yàn, alárinà ò ní mọ̀ ọ́n, àfi kó tún un kọ́. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ‘yíyí hẹ́dà padà’ sí, mi ò mú un, ni kò ṣe lè kọ àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni.”

“Kí ló dé tí o ò mú un?”

“Òfin yín ni, Mà. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má yí ohunkóhun padà.”

Mọ́mì Tíṣà ṣí ìwé, ó kà á, ó tún un kà. Kò rí nǹkan kan kọ.

“Ìbò kan ṣáà ju òdo lọ,” ni Kọ́lá wí. Ìyẹn ló kọ sílẹ̀.

Wọ́n fẹnu kò pé kí Túndé tún alárinà kọ́, kó lè máa kọ hẹ́dà, ká sì tún ìbò dì ní Sátidé kejì. Ó yẹ kí n jókòó. Mo dìde.

“Alága, mo dábàá pé bí olùdìbò bá ti kọ nǹkan sí hẹ́dà fúnra rẹ̀, kí alárinà má fọwọ́ kàn án.”

“Bọ̀dá Wálé, kò dáa bẹ́ẹ̀,” ni Túndé wí. “Ó yẹ kó pa ohun tí wọ́n bá mú wá rẹ́, kó kọ tirẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kọ àdírẹ́sì tó bá wù ú.”

“Ṣé ẹ tún fẹ́ pa ìbò wa rẹ́ ni?”

Ariwo sọ, wọ́n nawọ́ sókè, àbá mi wọlé. Ọlọ́run mọ̀ pé n kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ Túndé kàn kọ̀, kò kúrò létí mi.

Ní Sátidé kejì, gbogbo èèyàn ń dìbò wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, Kọ́lá wà níwájú díẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo kọ àdírẹ́sì kan sí hẹ́dà, mo dìbò fún Dúpẹ́. Mo kọ òmíràn. Mò ń sọ fún ara mi pé àwọn tí wọ́n jí tiwa lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mò ń dá padà. N kò kà á. Dúpẹ́ fi ìbò méje borí. Ó lè jẹ́ márùn-ún ni mo fi kún un, ó sì lè jẹ́ mẹ́sàn-án. Mọ́mì Tíṣà sì ti ní kí wọ́n nu gbogbo àkọsílẹ̀ kúrò kí àṣírí olùdìbò má bàa tú. Mo pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Ohun tí a jèrè kò kéré. Láti ìgbà náà, ọmọ Wọ́tàsáìdì méjì mìíràn ti ṣe ààrẹ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìlú tí wọ́n ti wá. Túndé ti tún alárinà kọ́ bó ṣe yẹ. Kọ́lá bọ Dúpẹ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ yẹn, ó sì yẹ kí n ti lọ bá a ní Òjòwò tipẹ́. N kò tíì lọ.

Ọdún tó kọjá ni mo lọ sọ ohun tí mo ṣe fún Dúpẹ́ ní Abigi, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ṣí kọ̀ǹpútà, ó bi mí léèrè.

“Mélòó ni?”

“N kò kà á.”

Ó nu ojú rẹ̀. “Wálé, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè yàn mí ni. Báyìí, ta ni mo fẹ́ bi?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé àwọn ọmọ ilé-ìwé òun ń wò wá, ó sì padà wọ kíláàsì.