Mọ́tò Tí Wọ́n Fi Bíà Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń fá irùngbọ̀n tipẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò ìṣeré káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ gba abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló kọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pọ̀ ju rédíò tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé rédíò bọ̀ láti Jankara á rí wọn, á sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá wa ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú pé bí kò bá rí iṣẹ́ gidi kí ọdún tó parí, kí àwa méjèèjì kó ẹrù wa bọ̀ wálé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi ti dúró, mo sì ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́yìn Ọjà Balógun. Ó ku díẹ̀ kí n gba fíríìdọ̀mù. Bí mo bá fi Èkó sílẹ̀ láìgbà á, gààrí ni màá máa yan títí ọkọ á fi dé.

Ìgbà náà ni ọ̀gá kan gbé páálí kan tí ẹ̀yà mọ́tò ìṣeré kún inú rẹ̀ wá láti Ìkòyí. Ọ̀gá yìí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ṣe. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àgbàlagbà oníkùn gbogbo, máa ń lọ sí etí òkun lọ́jọ́ Àìkú láti fi mọ́tò ìṣeré díje lórí àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n kó síbẹ̀ láti dá omi dúró. Kì í ṣe eré sísá. Gígun òkúta ni. Mọ́tò tó bá dé òkè láìdojú dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, òun ló jẹ. Ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n mi kan mọ́tò inú páálí náà fún òun, kó sì fi rìmóòtù wà á.

"Bí o bá jẹ, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé."

Mo wo ikùn ọ̀gá, mo wo páálí ìṣeré. Ibi tí Ọlọ́run fi oúnjẹ wa sí nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi kàn án. Ó kọ́kọ́ ṣe é kó yára, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé, "Ṣé ìgbín lo fẹ́ kàn ni?" Mọ́tò náà ń sáré dáadáa nílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé orí àwọn búlọ́ọ̀kù fífọ́ tí a tò sí ẹ̀yìnkùlé, á dojú dé. Nígbà tó yá ló gbà pé ohun tó ń gun òkúta kì í kánjú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wúwo. Ó wá òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, ó wé e sínú ẹsẹ̀ iwájú. Ó pààrọ̀ jíà sí èyí tó ń fà díẹ̀díẹ̀. Ó de táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì kí méjèèjì lè máa yí pọ̀, kí ọ̀kan má baà máa yí lásán nínú afẹ́fẹ́. Táyà náà ní láti rọ̀ kó lè di òkúta mú, nítorí náà mo gé àwọn pádì èjìká tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́, mo kì wọ́n sínú táyà. Láyé ìgbà náà, kò sí obìnrin tó ń wọ bùláòsì láìní èjìká sójà.

Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti dán an wò tán nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn iyanrìn kúrò láàárín eyín jíà, màá nù ún, màá fi gíríìsì bíńtín pa á. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń kìlọ̀ fún mi kò ju àpótí kékeré tó ń gba ọ̀rọ̀ rìmóòtù lọ.

"Omi ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ o. Tómi bá ti kàn án, ó parí."

Nígbà tó fi máa parí rẹ̀, mọ́tò náà ń gun búlọ́ọ̀kù bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Èmi tí mò ń yọ ṣùtì sí i, mo máa ń dúró wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ dé. Ẹni tó sanra jù nínú wọn, tí n kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe títí dòní, yí mọ́tò náà ká.

"Ọ̀rẹ́, a ò tíì fọ mọ́tò yìí o."

"Mọ́tò ìṣeré?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ṣé kò ní táyà ni? Àbí o fẹ́ kó já ẹ kulẹ̀ lójú àwọn ará Ìkòyí?"

Gbogbo Èkó ló mọ àṣà náà. Ẹni tó bá ra mọ́tò á pe èèyàn, wọ́n á mu bíà, wọ́n á da díẹ̀ sí mọ́tò lára, wọ́n á ṣàdúrà. Mọ́tò téèyàn lè wọ̀ ni mo rò pé wọ́n ń ṣe é fún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á sí táyà nìkan." Ohùn mi kì í ga, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo tún un sọ.

"Ẹ wò ó, tẹ́lọ̀ ti di mẹkáníìkì!" ni ẹni tó sanra wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, tó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ, bá wọn rín in.

"Lọ gbé ife wá," ló sọ fún mi.

Wọ́n pe bàbá onílé wa, ó ṣàdúrà, wọ́n ṣàmín, bàbá kán bíà díẹ̀ sí i. Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníkálukú wọn ní òun náà gbọ́dọ̀ da tòun, kí wọ́n má baà sọ pé òun ń jowú. Bíà ń ṣàn láti òkè mọ́tò dé ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n mi sá a sóòrùn, ó tẹ rìmóòtù, ó ṣiṣẹ́.

"Ṣé o rí i? Àdúrà ti gbà."

Lọ́jọ́ kejì, létí òkun, mọ́tò wa gun òkúta àkọ́kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gun èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn oníkùn sún mọ́ ọn. Nígbà tó dé èyí tó ga jù, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì yí sí òsì fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ rìmóòtù, mọ́tò kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó rọra rìn dé etí òkúta, ó já bọ́.

Ọ̀gá gbé e, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ló ń rùn bí ilé ọtí yìí?"

"Ẹ má bínú, sà. A fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ fi bíà fọ ẹ̀rọ?"

"Àdúrà ni, sà."

Ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu ìṣeré náà bí ẹni nu imú ọmọ, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. Àgbàlagbà! Kò dárúkọ ọjọ́ Ajé mọ́, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì bi í.

Lọ́jọ́ Ajé náà, bí ọdún ti ń parí lọ, mò ń di ẹrù wa lọ sí Ìjẹ̀bú nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ dé láti bá wa kẹ́dùn. Wọ́n gbé bíà dání. Ẹni tó sanra ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ó ní ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú ló wà nídìí ẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Àbúrò, bá wa gbé ife wá."

"Ife ti wà nísàlẹ̀ àpò," ni mo wí.

Lọ́jọ́ yẹn, ohùn mi dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò sẹ́nu.